Ibi Tí A Tẹ́ Káyọ̀dé Sí

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Snellville ní Amẹ́ríkà níbí. Mo kí Bàbá, mo kí Bàbá Àgbà olórí ẹbí wa, mo kí gbogbo agbo ilé ní Ìkirun. Ẹ kú àmúmọ́ra. Mo mọ̀ pé ìwé yìí máa bí àwọn kan nínú. Ìta gbangba, níbi tí gbogbo ẹbí á ti kà á, ni mo kọ ọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé mo lọ bá ìyá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwọn àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí, kó bá mi wí.

Láti ìgbà tí àbúrò mi kan ṣoṣo, Káyọ̀dé, ti ṣaláìsí ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kò gbà pé ó kú. Bàbá ní ẹ ń sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín, pé ọmọ yín sá pamọ́ ni, bí àwọn ọmọ kan ṣe máa ń dé òkè òkun tí wọn á gbàgbé ilé. Ó ní ẹ ti ń gbààwẹ̀ kó lè padà, ẹ sì ti gbẹ débi pé aṣọ kò dúró lára yín mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. N kò fẹ́ kí ẹ bá a lọ.

N kò lè bá yín jà, torí àwa la fà á. Nígbà tí ìròyìn náà dé, Bàbá Àgbà ní òkú ọ̀fọ̀ ni, pé òbí kì í mọ ibojì ọmọ, kí a sin ín síbi tó kú sí, kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò, kí ẹnikẹ́ni má sọ ohunkóhun nípa ìsìnkú náà létí yín. Mo gbọ́ràn. Mo lọ sin ín, mo bọ̀, nígbà tí ẹ sì bi mí, mo ní kí ẹ gba kámú. Àánú yín ló mú kí Bàbá Àgbà pàṣẹ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Èyí tó kú, àwa la sọ ọ́ di èyí tó nù mọ́ yín lọ́wọ́.

Òtútù ti ń lọ ní Atlanta. Àsìkò tí igi páìnì máa ń da ìyẹ̀ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè sórí gbogbo nǹkan la wà. Mọ́tò mi dà bí ìgbà tí wọ́n ku gàrí elépo lé e lórí. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù ní Marietta. Inú mọ́tò nínú gó-sìlóò ni mo ti máa ń sunkún, torí níbẹ̀ nìkan ni kò sí ẹni tó ń wò mí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé oúnjẹ wá nínú kúlà, wọ́n ní it is well, wọ́n lọ. N kò bínú sí wọn, iṣẹ́ ń dúró de àwọn náà. Ọmọ mi obìnrin bi mí pé ṣé Grandma know pé Uncle Káyọ̀ ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ilé ńlá inú fọ́tò tí ẹ fi kọ́ ògiri pálọ̀, èyí tí ẹ máa ń fi han àlejò pé ilé Káyọ̀dé ni, ó wà lóòótọ́. Abúlé tó wà níbẹ̀ kò tó agbo ilé wa. Títì kan, ilé olókùúta mélòó kan, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, àti àgùntàn. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan. Onítakisí tó gbé mi débẹ̀ bi mí bóyá iṣẹ́ ni mo wá bẹ̀rẹ̀ ní ilé ńlá, torí ó ní gbogbo èèyàn dúdú tí òun ń gbé lọ síbẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ ṣe. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, kò gba owó lọ́wọ́ mi nígbà tí a dé.

Olówó kan ló kọ́ ilé náà láyé àtijọ́. Apá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ kò ká a mọ́, ó wá di ilé ìtọ́jú arúgbó. Káyọ̀dé kò gbé inú rẹ̀. Òkè ibi tí wọ́n ń so ẹṣin sí nígbà náà ni wọ́n fún un, yàrá kan tí àjà rẹ̀ wálẹ̀, tó fi jẹ́ pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ sì mọ bó ṣe ga. Ó ń wẹ̀ fún arúgbó, ó ń pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n tọ̀ sí, ó ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Kò lè sọ fún yín, torí ẹ ti sọ fún gbogbo Ìkirun pé máníjà ni.

Àárọ̀ ló kú. Ó ń gbé tíì lọ fún wọn, ó fọwọ́ lé àyà, ó jókòó sílẹ̀, kò dìde mọ́. Ọ̀nà abúlé náà tóóró, ó sì jìnnà. Kí áńbúláǹsì tó dé, ó ti lọ. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí bóyá ọwọ́ ayé ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, Màmá. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí èmi náà ì bá ṣe.

Arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mísì Dórótì, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ìyá rẹ̀ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé náà nígbà tó ṣì jẹ́ ti olówó yẹn. Káyọ̀dé ló ń fún un lóúnjẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ kò sọ fún un pé ó kú. Wọ́n ní ó gba lìífù. Ìyá náà wá ń bínú pé ó lọ láì dágbére, kò sì jẹun dáadáa mọ́. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó kí mi ní ẹ káàárọ̀, ọ̀sán gangan sì ni. Káyọ̀dé ló kọ́ ọ. Ó bi mí ìgbà tí àbúrò mi ń bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣẹ́jú sí mi, ṣùgbọ́n ó ti di ọwọ́ mi mú, mo sì sọ fún un. Ó sunkún débi tí mo fi rò pé mo ti ṣe ibi. Nígbà tó ṣe, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá. Obìnrin tí kò bí i ni mo sọ òtítọ́ fún, mo wá fi í pamọ́ fún ìyá tó bí i. Ó dùn mí wọra.

Bàbá Àgbà, ẹ foríjì mí. Àṣà ní òbí kì í dé ibojì ọmọ, n kò sì ní mú Màmá débẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí pé kí ìyá má mọ̀ pé ọmọ òun ní ibojì.

Màmá, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi àti ọmọ Gánà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Mo rí àpá tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ti ọjọ́ tó fẹsẹ̀ kó epo àkàrà yín tó gbóná nígbà tó kéré. Mo fọwọ́ pa á. Òun ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. Bùbá àti ṣòkòtò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i ni mo wọ̀ fún un. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn la tẹ́ ẹ sí. Òjò ń rọ̀. Àwọn ará abúlé jáde, àwọn arúgbó tó lè rìn náà wá. Mo bu erùpẹ̀ lé e, mo pè é ní Àjàní bí ẹ ṣe máa ń pè é.

Ẹ má pe nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹ ń sọ pé fóònù òkú kì í dún. Ọwọ́ mi ni fóònù náà wà. Bí ẹ bá ti ń pè, inú yàrá mi níbí ló ti ń dún, orúkọ tó fi pè yín á sì jáde lójú rẹ̀: Ìyá Mi. N kì í lè gbé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣínu. Ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná, kí ẹ wá sunkún ọmọ yín. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀yin àti Bàbá sí fún mi, a kò ní fi irú èyí gbára mọ́. Ọkọ mi kí yín, àwọn ọmọ náà kí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín kan ṣoṣo tó kù,
Bọ́lánlé