Òrí tí mo fi ń pa ilẹ̀kùn mọ́tò

Màámi, ẹ kú ilé. Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọmọ tí ẹ fi ń yangàn lÓkèrèwè kò gbọ́n rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, yìnyín Kánádà ti ilẹ̀kùn mọ́tò játijàti mi pinpin. Inú rẹ̀ ni mo jí sí, tí mo ń fi èjìká tì í bí ewúrẹ́ tí wọ́n sé mọ́lé. Kí Ìyìnolúwa, ọmọ kíláàsì wa, tó fà á ṣí láti ìta, ìdánwò ti parí. Ó ní, "Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́ o! O ò mọ̀ pé wọ́n ń fi ọ̀rá pa rọ́bà etí ilẹ̀kùn, kí yìnyín má baà lẹ̀ ẹ́ pa ni?"

Òrí tí ẹ ní kí n máa fi para ni mo fi ń pa á báyìí.

Yàrá mi kéré, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ pọ̀. Ẹ má tíì fi gàrí ránṣẹ́. Àdírẹ́sì ń bọ̀. Ẹ bá mi kí bàbá.

Abdulrazaq