Pọ́n-ùn Mẹ́jọ Tó Sọnù Lára Kolten

Ilé Ọ̀sìn Zelenka,
Nebraska.
Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹjọ ń parí lọ.

Kolten ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara le? Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé orúnkún yẹn kò dùn ọ́ mọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọmọ màlúù nínú yìnyín kò ní gbàgbé ọ láàárín àwọn ọkùnrin gìrìpá tí ẹ jọ ń forí gbárí ní àgọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yín. Àlàáfíà ni àwa wà nílé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́, o sì mọ̀ pé fún bàbá rẹ ìyẹn ti pọ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Koríko gbígbẹ tí a dì lọ́dún yìí jẹ́ ọ̀rìnlénígba ó dín mẹ́ta. Mẹ́ta tó dín yẹn, òjò náà ló bà á jẹ́, ó sì dùn mí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé Tessa àbúrò rẹ sọ fún mi pé o pe òun lánàá, pé o ti ń di báàgì. Ó ní o ní ẹ̀yin àádọ́rùn-ún lẹ wà níbẹ̀, mẹ́tàléláàádọ́ta péré ni wọn yóò mú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé kàkà kí wọ́n lé ọ pẹ̀lú àwọn mẹ́tàdínlógójì tó kù, ẹsẹ̀ ara rẹ lo máa fi kúrò lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní o ti ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní ṣé ìwọ nìkan ló mọ̀wé kà ni? Mo ní kó ṣí ìwé náà fún mi lórí fóònù rẹ̀, nítorí sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni ilé ìkàwé ń gbà láti tẹ ojú ewé kan jáde, ojú ewé mẹ́sàn-án sì ni.

Ìwé náà dára, ó mọ́. Bí a ṣe ń kọ ìwé akọ màlúù tí a fẹ́ tà ni wọ́n ṣe kọ ọ́: bó ṣe ga tó, bó ṣe wúwo tó, bó ṣe ń sáré sí. Orúkọ ìyá nìkan ni wọn kò kọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí ọlọ́gbọ́n olùrà máa ń kọ́kọ́ wò nìyẹn. Wọ́n ní ènìyàn òjìlérúgba ni àwọn ẹgbẹ́ ti yàn kó tó kàn ọ́. Mi ò bínú sí ìyẹn. Màlúù tó bá kẹ́yìn wọ ọjà, owó ti tán lọ́wọ́ àwọn òmùgọ̀ nígbà náà, ọlọ́gbọ́n ló máa ń rà á.

Wọ́n ní apá rẹ kúrú. Mo wọn apá bàbá rẹ nígbà tó ń jẹun lọ́wọ́, íńṣì méjìlélọ́gbọ̀n ni, kò yàtọ̀ sí tìrẹ, n kò sì tíì rí ẹran tó wà lórí tábìlì yìí tí apá yẹn kò tó.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló wá ká mi lára. Wọ́n kọ 243. Kolten, láàárọ̀ ọjọ́ tí o kúrò nílé, èmi ni mo gbé ọ sórí òṣùwọ̀n màlúù. 255 ni o wọ̀n pẹ̀lú bàtà, bàtà náà jẹ́ mẹ́rin, ó ku 251. Níbo ni mẹ́jọ lọ? Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò, ojú mi sì là. Ẹran tí ọkọ̀ bá gbé fún wákàtí mẹ́sàn-án, nínú ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ó máa fi mẹ́ta àti díẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà. Wákàtí mẹ́sàn-án gééré ni ìrìnàjò rẹ, ilẹ̀ àti òfuurufú. Ó bára mu! Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀nà ló jẹ ẹ́. Ta ló ń wọn ẹran lọ́jọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀?

Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n fi àyè kan sílẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá yín ló fẹ́ gbọ́ tẹnu òbí. Mo ní kí Tessa bá mi tẹ̀ ẹ́ pé èmi ni ìyá Kolten, pé mo kí gbogbo ọ̀gá, pé kí wọ́n fún ọ ní omi tó tó, kí wọ́n jẹ́ kí o sinmi ọjọ́ méjì láàárín ẹgbẹ́ rẹ, nítorí ẹran tó bá dá wà kì í jẹun, kí wọ́n wá tún ọ wọ̀n láàárọ̀. Kí n tó fọ abọ́ tán, ọ̀gá mọ́kànlélógójì ti dá mi lóhùn! Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni mo ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀nà wa yìí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fèsì.

Èyí tó kọ́kọ́ dáhùn ń jẹ́ Ìkookò 88. Ó ní kí Màmá má bínú, pé ọmọ mi kò lè lé mọ́tò tó dúró sójú kan bá. Mo dá a lóhùn pé ẹ ṣeun ọ̀gá, òótọ́ ni, kò tíì lé irú rẹ̀ rí, nítorí kò sí ẹni tó rán an. Òmíràn bi mí pé ìdì koríko mélòó lo ń jẹ lọ́jọ́ kan. Mo ní o kì í jẹ koríko, mo sì kọ iye ẹran àti ọ̀dùnkún tí o ń jẹ lọ́sẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kí wọ́n lè gbé e sínú ìṣirò wọn. Ẹnì kan ní èmi gan-an ló yẹ kí wọ́n fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Mo dúpẹ́, mo ní n kò lè kúrò nílé títí a ó fi já àwọn ọmọ màlúù lẹ́nu ọmú. Tessa ń rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe ọ̀gá kankan, pé èrò ọ̀nà lásán ni wọ́n. Mo ní ṣé èrò ọ̀nà ló máa mọ gígùn apá ọmọ mi?

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tó pe ara rẹ̀ ní Orúnkún Ti Bàjẹ́, òun kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní Màmá, ìwọ̀n máa padà, apá kọ́ ni ìṣòro. Ó ní iṣẹ́ ọmọ yín ni kó kọjá lára ẹni tó dènà fún un, kó gbá ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù lulẹ̀ kó tó jù ú. Ó ní bí bọ́ọ̀lù bá ti mira, gbogbo wọn máa ń lọ, ọmọ yín á kọ́kọ́ dúró wò bí ẹni tó ń tọrọ àyè, kó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti jù ú. Ó ní ta ló kọ́ ọ láti máa dúró?

Mo ní kí Tessa fi fídíò eré tí ẹ ti gbá hàn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni wọ́n mú bọ́ọ̀lù náà kúrò nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mọkànlá lo dúró. Mo gbé fóònù náà kalẹ̀.

Kolten, èmi ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lo ti ń dúró lẹ́nu géètì nígbà tí a bá ń ya ẹran sọ́tọ̀, èmi á wà lẹ́yìn rẹ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, mo sì máa ń sọ fún ọ pé má kánjú, wo èjìká ẹran náà, má ṣe dí i lọ́nà àfi tí mo bá kígbe pé “Ìyẹn!” Ọdún mẹ́tàlá! O kò gbéra rí kí n tó lanu. Mo máa ń fi ṣe fáàrí lójú àwọn aládùúgbò. Mo pe bàbá rẹ, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní ohùn mi lo ń dúró dè, ó sì jáde lọ wo ẹ̀rọ omi.

Nítorí náà, tú báàgì yẹn. Bí wọ́n bá lé ọ nítorí apá, kí wọ́n bá Ọlọ́run wí. Bí ó bá jẹ́ nítorí ìwọ̀n, mo ti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ tìtorí dídúró yìí kúrò níbẹ̀, nítorí kì í ṣe ara rẹ ló ti wá. Èmi ni mo fi síbẹ̀, èmi náà ni mo ń yọ ọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ máa gbá ìkẹyìn, bí bọ́ọ̀lù bá ti mira, lọ. Má ṣe tẹ́tí. Èmi kọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ níbẹ̀, ilé ìdáná ni mo wà níhìn-ín. Bí o bá ṣì í, o ṣì í, géètì wọn ni, èmi kọ́ ni n ó tún un ṣe.

Kí lẹ́tà yìí lè bá ọ kí ọjọ́ náà tó pé, mo ti lọ san owó àyárasáré sílẹ̀, dọ́là mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èmi tí mo ń gé ọṣẹ sí méjì. Obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ bi mí pé ta ló kú.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Táyà méjì ti tán lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tí a fi ń kó ẹran. Bí wọ́n bá mú ọ, fi igba dọ́là ó lé ọgọ́ta ránṣẹ́. Bí o bá ṣe bí mo ti wí tí wọ́n sì dá ọ padà, máa bọ̀ nílé lọ́wọ́ òfo, àlòkù wà, a ó fi gbé e. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ dé lọ́jọ́ Àìkú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo máa rà, tuntun.

Ọlọ́run á dáàbò bo eegun rẹ. Oúnjẹ ibẹ̀ á bá ọ lára mu. Ẹsẹ̀ rẹ á máa ṣíwájú ohùn mi, láti Àbámẹ́ta yìí lọ títí ayé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Arlys Zelenka.