Gbogbo Ará Ọ̀kà Ló Ní Ojú Bùsàrí

Ìkàrẹ́-Àkókó,
Oṣù Ọ̀wàrà.

Màrdíyyàh, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú iṣẹ́, o kú wàhálà Èkó. Mo nígbàgbọ́ pé ara rẹ le, bí tiwa náà ṣe le níbí. Màmá rẹ ń kí ọ. Wọ́n ní o ti rù jù nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, pé ṣé iṣu ti tán l'Ékòó ni.

Ọ̀rọ̀ tó ò ń retí ni mo fẹ́ sọ. Èmi àti Bùsàrí ti rí géèmù wa tí ọ̀gá rẹ ní kí iléeṣẹ́ yín tún ṣe wò. Ó ní bó bá tẹ́ wa lọ́rùn, òun á rà á pátá, igba èèyàn á sì máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ká sòótọ́, ó rẹwà! Atẹ́gùn ń fẹ́ ewé, òjìji ń tẹ̀ lé èèyàn. Bùsàrí lanu, kò lè pa á dé.

O kúkú mọ bí tiwa ṣe rí. Ẹni tó ń ṣeré náà á gbé iṣu láti Ọ̀kà wá sí ọjà Ìkàrẹ́, á sì máa bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó bá pàdé. A ò lówó ayàwòrán, la bá fún gbogbo ará Ọ̀kà ní ojú Bùsàrí: àgbẹ̀, tíṣà, ìyàwó tuntun, gbogbo wọn pẹ̀lú irùngbọ̀n! Kí wọ́n má baà jọra jù, a gba ohùn àwọn aládùúgbò sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá Bùsàrí ti da ètò wa rú. A ní kí wọ́n ṣáà sọ pé "Yà sọ́tùn-ún", wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Láìkí mi? Ọmọ tí ò bá kí mi, ọ̀nà Ọ̀bà ni mo máa júwe fún un." A rẹ́rìn-ín títí, a sì ṣe géèmù náà bẹ́ẹ̀. Bó o bá sọ fún ẹni tó ń roko pé "Ajé á wọ igbá o", Ọ̀bà lo máa bá ara rẹ, ìwọ tó ń lọ sí Ìkàrẹ́. Ohun táwọn èèyàn wá fẹ́ràn jù nìyẹn.

Àwọn ará ọ́fíìsì yín ya ojú lóríṣiríṣi, kò sí èyí tó jọ èkejì. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìkíni kúrò, wọ́n ní ó ń fi àkókò ṣòfò. O kàn máa fọwọ́ kan èèyàn ni, á nawọ́ sí ọ̀nà, ó parí. Mo gbé e fún Habeebat, aránṣọ tá a jọ ń gbélé. Ó ṣe é díẹ̀, ó wojú mi, ó ní, "Adùn, kí la fi ṣe àwọn ará Ọ̀kà? Gbogbo wọn ló ń bá èèyàn yan odì."

Mi ò bú iléeṣẹ́ yín o. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n igba ọwọ́ ò lè wọ inú àwo kan. Ẹni tó ti ná owó ńlá á máa bẹ̀rù kí nǹkan má bàjẹ́. Àwa tá ò ní nǹkan kan, ẹ̀rù kí ló fẹ́ bà wá? Bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kó o sọ fún un pé a ò tà á.

Bùsàrí ní kí n dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe é. Nínú iṣẹ́ yín, kùrukùrù bo òkè Ọ̀kà láàárọ̀, àwọn ilé tó wà lókè pátápátá nìkan ló yọ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé ìwọ lo yà á, mo mọ ọwọ́ rẹ. Omi bọ́ lójú mi. Igba ni yín lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ. Bí wọ́n bá di igba ó dín ẹnì kan, ó lè má fura. Àwa méjì péré la wà níbí, ojoojúmọ́ la sì ń mọ̀ pé o ò sí níbẹ̀. Máa bọ̀ wálé.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní di ìgbàgbé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Adùnọlá.

Àfikún: Iná ti dé ládùúgbò wa láti àná, kò sì tíì lọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, kí wọ́n má baà rántí wa.