Irin tí mo fi ń fọ́ egungun

Eléyinjú-ẹgẹ́ ọmọ ọmọ mi,

Ìyá rẹ àgbà gọ̀ o! Irin tí mo fi ń fọ́ egungun ẹran láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, tí mo bá nílé ìdáná wọn, òǹtẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ fàdákà fi ń sàmì sí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Láàárọ̀ yìí ni mo rí ẹyẹ kékeré kan nídìí abọ́ fàdákà tí bàbá rẹ àgbà jogún. Ẹyẹ kan náà ló wà lẹ́nu irin mi! Mo fi lé e, ó ṣe wẹ́kú.

Òótọ́ ni bàbá rẹ àgbà ti ń sọ pé bàbá àwọn ló rọ abọ́ náà. Èmi àti àbúrò wọn obìnrin la máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Mo jó títí ìró fi tú lára mi!

Mo ń lọ pe àbúrò náà báyìí kó wá wò ó. Tó o bá ń fọ abọ́ náà kí n tó dé, má fi yanrìn kàn án o, kí ẹyẹ má baà pa rẹ́. Eyín ni kó o fi fọ́ egungun tìrẹ.

Bí mo ṣe ń jáde, bàbá rẹ àgbà ní, "Ìyàwó, ṣé wàá wá jẹ́ kí n sọ ìtàn náà parí lónìí?"