Ojú Ìwé tí O Ṣe fún Ìyá Rẹ

Igbógilà

Àbáyọ̀mí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Fadékẹ́mi ìyàwó rẹ. Ara mi le níwọ̀n tí ara àgbà lè le. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àìsàn mọ ilé yín. Purity, ọmọ tíṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ṣúgà sí i.

Ó fi ojú ìwé ìrántí tí o ṣe fún ìyá rẹ tó kú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì hàn mí nínú fóònù rẹ̀. O ti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi rí: pé ọ̀rọ̀ àti àwòrán ni ẹran ara ojú ìwé, àkọlé àti ìpínrọ̀ ni eegun tó gbé e dúró, àwọ̀ àti ìrísí lẹ́tà ni aṣọ tí ẹ wọ̀ fún un. Ó dára. Aṣọ náà ń dán. Òdòdó pupa ń já bọ́ láti òkè bí ewé igi tíìkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ta ló mú òdòdó wá sílé wa rí?

Purity wá ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: "Ìyá oníwà pẹ̀lẹ́, tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà." Mo ní kó tún un kà. Nígbà ayé ìyá rẹ, bó bá wà nídìí agbada gàrí, àwọn ọlọ́kadà ojú títì ń gbọ́ bó ṣe ń bú wa. Purity wá ọ̀rọ̀ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rí i bó ṣe wà gan-an lójú ìwé òkú ẹlòmíràn, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. O yá aṣọ olókùú wọ̀ fún ìyá rẹ.

Èyí tó burú jù ni àkọlé. "Ìyá Àbáyọ̀mí" lo fi lẹ́tà gàgàrà kọ sókè. Ta ló pè é bẹ́ẹ̀ rí? Lábísí ẹ̀gbọ́n rẹ ni àkọ́bí. Ìyá Lábísí ni gbogbo Igbógilà mọ̀. Lábísí ló ń gbé e lọ sí balùwẹ̀ títí ó fi kú, nígbà tí ìwọ ń fi fóònù béèrè bóyá ó ti jẹun. O wá ju orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà tín-ín-rín, bí ẹni tó kàn wá kí wa kú ọ̀fọ̀.

Lábísí kà á. Ó ní: "Bàbá, ẹ sọ fún Àbáyọ̀mí kó wá ẹni tí yóò dáná ìrántí ìyá rẹ̀." Ìyá rẹ̀ ló wí, kò wí pé ìyá wa.

Kó òdòdó yẹn kúrò. Pa ọ̀rọ̀ tí o yá rẹ́. Kọ Ìyá Lábísí sókè, kó tóbi. Kí o tó kọ ohunkóhun sábẹ́ rẹ̀, bi ẹ̀gbọ́n rẹ léèrè bí ìyá yín ṣe kú. O kò tíì bi ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́run yóò là ọ́ lójú. Àwọn ọmọ rẹ kò ní sin ọ́ báyìí.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Fágbénró.

Àfikún: Purity ní àwọ̀ rẹ̀ dára. Òun ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Má pè mí kí o tó pe Lábísí; mi ò ní gbé e.