Agolo Mílíìkì Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lórí Àga

Màámi ọ̀wọ́n, ìyá olóróró àgbọn,

Ẹ jókòó dáadáa o, torí inú mi dùn débi pé ara mi ò balẹ̀. Mo ti rí i! Èérún pupa tó máa ń kù nídìí ìkòkò yín tí ẹ bá ti da òróró kúrò, èyí tí ẹ máa ń bù sí wa lọ́wọ́ ní Àgbádárìgì, mo jẹ ẹ́ ní Atlanta níbí!

Aunty Luz ló fà á, nọ́ọ̀sì ará Philippines tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Decatur. Ó gbé biko wá sí shift wa. Ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra ni, wọ́n fi wàrà àgbọn àti ṣúgà pupa sè é, wọ́n wá wọ́n èérún yẹn lé e lórí. Ṣíbí kan péré, Màámi, ni mo bá bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn.

Ní Sátidé, mo lọ kọ́ ọ nílé rẹ̀ ní Smyrna. A gbé wàrà àgbọn kaná. Bí òróró ṣe yọ lójú ìkòkò, ọmọ olóróró gba iṣẹ́ ṣe! Mo rọra dà á sínú ìgò, ẹ̀kán kan ò ṣòfò, mo sì ń ju èérún sẹ́nu bí mo ṣe ń ṣe é. Àṣé èérún yẹn gan-an ni wọ́n ń wá, láti fi wọ́n orí biko! Mo ti jẹ ẹ́ tán. Aunty Luz rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, la bá tún gbé wàrà àgbọn mìíràn kaná.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo wá kẹ́yìn? Ẹ ti ń kó èérún jọ dè mí, ó kún agolo mílíìkì fọ́fọ́, ẹ fi náílọ́ọ̀nù àti rọ́bà dé e. Mo sọ fún yín lórí fóònù pé mo gbàgbé ẹ̀ sórí àga ni. Irọ́ ni, Màámi. Mi ò fẹ́ kó rùn mọ́ aṣọ mi ni. Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ jẹ ẹ́ ni, àbí ẹ tọ́jú ẹ̀ dè mí? Ó dùn mí gan-an.

Lónìí, èmi nìkan ni mo sè é. Ọmọ mi tí kì í jẹ oúnjẹ ilé wa ha ìdí ìkòkò náà mọ́ tónítóní! Kó tó débẹ̀, mo ti yáa bu tiyín sínú agolo mílíìkì, mo fi náílọ́ọ̀nù àti rọ́bà dé e.

Mò ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Orí itan mi ni agolo yìí máa wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, títí dé ojú oórì yín. Bó bá fẹ́ rùn, kó rùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń ha ìdí ìkòkò, tó fẹ́ràn yín gidigidi.