Oko Kọ́tìnì Tí Àpèkẹ́ Ń Ro ní Fẹ́sítáàkì

Abà Owólabí,
Lẹ́bàá Ìkirè.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1978.

Àpèkẹ́ mi ọ̀wọ́n, Rosaline ọmọ Akíntúndé,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara rẹ le koko? Àǹtí Beatrice tí o ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣé òun náà ń jẹun àbí iṣẹ́ ìjọba kò jẹ́ kí ó ráyè jẹun? Bí o bá béèrè wa, a dúpẹ́, a wà, ewúrẹ́ wà, òrùlé kò sì tíì jò láti ìgbà tí bàbá rẹ ti gbé òkúta mẹ́ta lé e. Ọlọ́run tí ó mú ọ gun ọkọ̀ dé Èkó láìjábọ́ kò ní jẹ́ kí o ṣubú lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Òjò kò ní bá ọ níbi tí kò sí òrùlé, ebi kò ní bá ọ níbi tí kò sí ìkòkò. Àmín.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí o, má wulẹ̀ wá ọwọ́ ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí Tíṣà Adébánjí ti dá ilé ẹ̀kọ́ àgbà sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń lọ, èmi àti Sìlífátù ọ̀rẹ́ mi tí ń ta àdí. Tíṣà ní mo ti mọ a bí dí tán, àmì orí ọ̀rọ̀ nìkan ló kù tí mo ń ṣì, pé mò ń wọ́n ọn bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nítorí náà, bí o bá rí ibi tí àmì ti pọ̀ jù, bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o máa ka ìyókù lọ.

Kí n tó gbàgbé, àdírẹ́sì rẹ kọ mí lóminú. O ní Kúlóòsì kan ní Àfẹ́níù Kejì ni ilé yín wà. Mo bi Tíṣà pé kí ni kúlóòsì, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni, pé ohun tí a bá tì pa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àyà mi já. Mo ní ta ló ti ọmọ mi mọ́lé, ṣé wọn kò san owó omi ni? Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní òpópónà tí kò ní ju ẹnu kan lọ ni, ibi tí èèyàn gbà wọlé náà ni yóò gbà jáde. Ìgbà náà ni ọkàn mi tó balẹ̀, nítorí bí abà tiwa náà ṣe rí nìyẹn, a kàn ò mọ̀ pé kúlóòsì là ń gbé láti ọjọ́ tí a ti dáyé ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ lẹ́tà rẹ ti oṣù tó kọjá. Tapíréta ọ́fíìsì lo fi tẹ̀ ẹ́, ó mọ́ roro, gbogbo abà ló wá wò ó. Ṣùgbọ́n, Àpèkẹ́, tapíréta yín kò ní àmì kankan, kò ní tòkè, kò ní tìsàlẹ̀. Ìjọba ra ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, wọn kò rántí ra àmì mọ́ ọn. Bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí, mo dà á kọ kí o lè fi ojú ara rẹ rí i: Mo ti n ro o fun odun meji. Mi o fe maa ro o lasan mo. Mo fe se e bayii. Mo fe fi ise sile, ki n maa ran kotini. Gbogbo ile ni Festac lo ni ferese nla, won ko si ni kotini.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì yé mi kedere. O ti ń ro ó fún ọdún méjì: o ti dá oko. O fẹ́ sè é báyìí: ohun tí o gbìn ti ta. O fẹ́ fi ìṣẹ́ sílẹ̀: mo pariwo àmín débi pé adìẹ sá kúrò lórí ẹyin, nítorí ìyá wo ni kò fẹ́ kí ọmọ òun fi ìṣẹ́ sílẹ̀, kí ó ta òṣì nù? Kọ́tìnì nìkan ló rú mi lójú díẹ̀. Bàbá rẹ ní irú iṣu kan ni yóò jẹ́, iṣu tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Sìlífátù tí kì í gbà pé ohun kan wà láyé tí òun kò mọ̀ ní òun ti jẹ kọ́tìnì rí nígbà tí òun lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Mushin, pé funfun ni, pé ó dùn ju ewùrà lọ, àfi pé ó máa ń mú inú run bí wọn kò bá sè é jinná.

Ti fèrèsé yẹn náà kò ṣòroó yé. Àwọn èèyàn Fẹ́sítáàkì gba ilé ńlá tán, oúnjẹ kò sí, wọ́n wà lójú fèrèsé, wọ́n ń retí ẹni tí yóò rán kọ́tìnì sí wọn. Àánú wọn ṣe mí. Bàbá rẹ kò sì lè jókòó mọ́, gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń pè, ó ń sọ fún wọn pé ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́sàn-án, ó tún ń roko nírọ̀lẹ́, kí wọ́n lọ bá òun wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá lo ti kọ ọ́ pé: Iwe naa wa ninu eyi. E ba mi gbadura si i, ki e da a pada. Mo tú inú ẹ́ńfílóòpù wò, lóòótọ́ mo rí ìwé kan tí a ká sí mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ilẹ̀, àdírẹ́sì ọ́fíìsì rẹ lókè, orúkọ rẹ àti sáìnì rẹ nísàlẹ̀. N kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun olóhun ni. Mo ní háà, ìwé ìjọba ló ṣèèṣì bọ́ sínú tiwa, ìdí nìyẹn tí ọmọ yìí fi ní ká dá a padà fún wọn. A gbàdúrà sí i bí o ṣe wí. Bàbá rẹ ní kò dára kí orúkọ ọmọbìnrin máa dá dúró lórí ìwé ìjọba bí ẹni tí kò ní baba, ó ki àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹ́ oníkòkó. Ó dára gan-an, gbogbo ìlà ọwọ́ rẹ̀ ló hàn. Mo wá da àdírẹ́sì ọ́fíìsì náà kọ sára ẹ́ńfílóòpù tuntun, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, odindi ìrọ̀lẹ́ méjì ló gbà mí. Mo fẹsẹ̀ rìn dé pósọ́fíìsì Ìkirè, mo ra sítáǹpù, mo jù ú sínú àpótí. Mo tún fi ọwọ́ kan ara àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè mọ̀ pé nǹkan ti wọlé.

Inú mi dùn, mo ń kọrin bọ̀ wálé. N kò mọ̀ pé mo ti ṣe nǹkan.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni Tíṣà Adébánjí yà kí wa, mo sì gbé lẹ́tà rẹ jáde kí ó lè rí bí mo ṣe mọ̀wé kà tó. Mo ka ti oko fún un. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní Màmá Àpèkẹ́, ẹ má bínú o, rò ni, kì í ṣe ro, ọmọ yín kò mú ọkọ́ dání, orí ló fi ń ṣe é. Ó ní kò fẹ́ sè é, ó fẹ́ ṣe é ni. Ó ní kì í ṣe ìṣẹ́ rárá, iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ìjọba gan-an ló fẹ́ fi sílẹ̀. Mo ní àmín tí mo ti ṣe ńkọ́? Ó ní àmín yẹn ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè lé e bá. Mo wá bi í pé kí ni kọ́tìnì, ó ní aṣọ ojú fèrèsé ni, pé rírán tí o sọ, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń rán an. Ni bàbá rẹ bá yíjú sí Sìlífátù, ó ní Sìlífátù, aṣọ fèrèsé tí o jẹ ní Mushin yẹn, ṣé wọ́n fi epo sí i fún ọ? Sìlífátù ní ẹ má bínú, òun gbé omi kaná nílé.

Tíṣà ka gbogbo rẹ̀ fún wa bí ó ti yẹ. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ó ti sú ọ láti máa tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn rò, pé láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń kó wọ ilé tuntun wọ̀nyẹn ni o ti ń bá wọn rán kọ́tìnì ní Sátidé, pé o ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kuje, ní Àmúwò tí ẹ̀ ń gbé níbẹ̀, tí onílé ní òun yóò fi dúró dè ọ́ di ìparí oṣù yìí. O ní ìwé tí o fẹ́ fún ọ̀gá rẹ ti wà ní títẹ̀, ó ti wà ní sísáìnì, ṣùgbọ́n o kò lè gbé e fún un bí bàbá rẹ kò bá gbà, nítorí o mọ bí ó ṣe ń fi iṣẹ́ ìjọba rẹ yangàn. Àpèkẹ́, omi bọ́ lójú mi. Odindi ọdún méjì lo fi ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sùn, tí o ń gbé e jí!

Tíṣà ní níbo wá ni ìwé ọ̀hún wà, kí òun bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ká tó dá a padà fún ọmọ. Mo ní ìwé wo? Mo ti fi jíṣẹ́ fún ìjọba, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Tíṣà jókòó sórí odó. Ó ní Màmá, ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ọmọ yín lẹ fi ránṣẹ́ yẹn o. Bàbá rẹ wo àtàǹpàkò rẹ̀.

Má bínú sí mi, ọmọ mi. Ọdún méjì lo fi rò ó, sítáǹpù kan ni mo fi ṣe é.

Ní ọjọ́ Ajé mo sáré lọ sí pósọ́fíìsì láti fi tẹlifóònù pe Àǹtí Beatrice ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tẹlifóònù ní kí n hóòdù. Mo di tábìlì mú. Ó tún ní hóòdù ọ́ọ̀n, mo fi ọwọ́ kejì kún un. Mo wá ń gbọ́ ohùn kan nínú rẹ̀, tùùù, tùùù, mo rò pé Àǹtí Beatrice ló ti gbọ́ tó ń sunkún, mo kúnlẹ̀, mo pàrọwà fún un, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin náà ní Màmá, kò tíì sí ẹnì kankan níbẹ̀ o, wọn ò tíì gbé e ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi lẹ́tà yìí rán Fọláránmi, awakọ̀ tí ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Máìlì Tù, kí ó lè dé ọwọ́ rẹ kí ọ̀gá rẹ tó pè ọ́, bí kò bá tíì pè ọ́.

Bàbá rẹ ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, yóò ní ìjọba! yóò sì mi orí. Lánàá, Tíṣà wá, ó ní òun ti ronú sí i, òun lè bá wa kọ ìwé mìíràn láti fi bẹ ọ́fíìsì rẹ pé àwa òbí ló ṣèèṣì, pé kí wọ́n jẹ́ kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, ìwé náà gùn, ó bẹ̀bẹ̀ dáadáa, ó ku kí bàbá rẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo gbé tàdáwà wá. N kò yára ṣí ìdérí rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé bí ó bá tẹ ìwé yẹn, o kò tún ní lè dìde kúrò nídìí tapíréta wọn mọ́ láéláé, ojú bàbá rẹ ni o máa ń wò.

Ó ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Ó gbé e sókè, ó ń wò ó. Tíṣà ní Bàbá, ibí yìí ni o. Ó ní òun rí i. Ó wá ní Tíṣà, àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Bí ó bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún ìjọba, tó tún wá ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ni yóò tún gbà á gbọ́ ní ẹgbẹ́ oníkòkó? Ó nu ọwọ́ sí ara ṣòkòtò rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. A gbọ́ tí ó ń ṣí fèrèsé, ó ń tì í, ó tún ń ṣí i. Ó jáde, ó ní kí n wá okùn wá.

Okùn náà ni mo ká sínú lẹ́tà yìí. Ibi tí mo ta kókó kan sí ni ìbú fèrèsé yàrá bàbá rẹ, ibi tí mo ta kókó méjì sí ni gíga rẹ̀. Ó ní kí o bá òun rán kọ́tìnì tó pupa, pupa tí ẹni tó ń lọ lójú ọ̀nà yóò dúró béèrè pé kí nìyẹn. Ó ní òun ti mọ ohun tí òun máa wí fún wọn.

Bí wọ́n bá san owó oṣù rẹ ìkẹyìn, jọ̀wọ́, kí kànga ìjọba tó gbẹ mọ́ ọ lójú, pọn díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa fún kẹrosíìnì àti gíláàsì tí n óò máa fi kàwé, nítorí Tíṣà ní ojú mi náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ sọ fún onílé ṣọ́ọ̀bù pé o ń bọ̀. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá là ni okùn ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà yóò máa tọ̀ ọ́ wá. Òwú kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́. Ojú tí ó bá wo iṣẹ́ rẹ, àpò rẹ̀ yóò gbọ́. Ilé kan kò ní ní fèrèsé ní Àmúwò kí ó má mọ orúkọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tòótọ́,
Màmá Àpèkẹ́.

Bàbá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí yìí, kí n sì fi àmì sí i dáadáa, pé òun kò tíì sọ pé òun gbà o. Kọ́tìnì lòun ní kí o rán.